Mo Ké Pe Dókítà, Mẹ́ta Ló Dáhùn

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà láàárín ìró ìbọn. Ẹ pariwo halelúyà!

Nígbà ìjà orí omi yìí ni ìyàwó mi, Bósẹ̀, ń rọbí. Ìyá agbẹ̀bí wò ó, ojú wọn yí padà: "Ẹsẹ̀ ni mo rí. Ìgè ni. Ó ju agbára mi lọ. Ẹ wá dókítà!" Ọ̀nà omi tó lọ sí ọsibítù n'Ígbókọ̀dá ti dí, ẹni tó bá gba ibẹ̀, ìbọn ni yóò pàdé. Mo bọ́ sórí afárá pákó, mo ń ké: "Dókítà o! Dókítà o!"

Ẹ ṣáà mọ ìlú wa. Mẹ́ta ló dáhùn.

Èkíní ni Dókítà tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì. Kò tíì wọlé tán tó ti fa abẹ́rẹ́ yọ. Ìyá agbẹ̀bí gbá a lọ́wọ́: "Àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ lo fẹ́ gún?" Èkejì ni Dókítà tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Òun ṣe olóòótọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí kò bá ní púlọ́ọ̀gì, n ò mọ̀ ọ́n o." Ẹ̀kẹta ni Wòlíì wa, tí wọ́n fi oyè Dókítà dá lọ́lá lọ́dún tó kọjá. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n gbàdúrà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ ní ká gbé àga wá.

Bósẹ̀ kò lè pariwo mọ́. Mo wólẹ̀, mo ní, "Olúwa, mo ti pe gbogbo wọn tán. Fúnra rẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ìgbà náà ni Ìyàwó Tíṣà wọlé, obìnrin ará Ọ̀yọ́ tó wá kí ọkọ rẹ̀ tí ìjà sì sé mọ́ ọ̀dọ̀ wa. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè wa ọkọ̀. Ó ní, "Omi gbígbóná àti ọṣẹ. Kí gbogbo ọkùnrin jáde."

Wòlíì ní, "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló pè ọ́?"

"Dókítà àwọn aláboyún ni mí, sà."

"Ẹ̀ẹ́! Ibo lo wà látàárọ̀?"

"Mo rí i tí dókítà mẹ́ta wọlé, sà. Mo rò pé wọ́n ti pọ̀ tó."

A dúró níta. Ìbọn ń dún lókèèrè, ṣùgbọ́n inú ilé pa rọ́rọ́, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tó yá, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ará, ẹ bá mi yọ̀! Bósẹ̀ nìyí. Ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ yẹn, ẹ má sọ pé kó dákẹ́. Òun gan-an ló ń jẹ́rìí. Èmi kàn ń ṣe ògbufọ̀ ni. Ògo ni fún Ọlọ́run!