Bí Mo Ṣe Gbé Odò Ilé Wa Lọ sí Ilé Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọ̀gá Sójà

Ẹ̀yin ará Ìrókò, ẹ gbé ẹ̀rín mì ná. Lónìí, Múyì aláwàdà ò wá dẹ́rìn-ín pa yín. Dókítà ní ọkàn mi ti ń tọrọ gáfárà àtilọ. Kó tó lọ, ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ jáde.

Kápúténì Ishaq ló wá bá mi ní Moniya lóṣù tó kọjá. Àwọn sójà fẹ́ kọ ìtàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá sójà bí wọ́n ṣe ń fi ọpọlọ jagun kí ìbọn tó dún. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ kù nínú àwọn òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́." Mo bá sọ ti ilé páànù mẹ́ta tá a fi bẹ̀rẹ̀, ti eruku ọyẹ́, ti àwọn ọ̀gá tó ti Gánà wá kàwé. Ó ń kọ, mò ń ṣe yànga. Àfi ìgbà tó ka èyí tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀ sí mi létí: "Méjọ̀ Ọláníran, ará Ìrókò, ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n lé níbẹ̀. Irọ́ ló pa." Omi tí mò ń mu gba imú jáde.

Ọláníran ò purọ́. Èmi ni mo purọ́.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa tọ́jú tábìlì yanrìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Tábìlì yẹn fẹ̀ tó yàrá. Yanrìn la fi ń mọ òkè, èérún pákó ni igbó, yanrìn tá a rẹ láró ni odò. Òkúta wẹ́wẹ́ la fi ń sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ lè gbà la odò kọjá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹnu mi ò lè padé. Àwọn ọkùnrin tí ìlú ń gbọ̀n fún kúnlẹ̀ yí i ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àfi bíi pé Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ayé síbẹ̀ tí kò tíì gbẹ. Mo máa ń bọ́ bàtà kí n tó gbálẹ̀ yàrá náà.

Ṣùgbọ́n àwàdà ò jẹ́ n gbádùn. Láàárọ̀ ìdánwò àṣekágbá, mò ń sín ọ̀gá àgbà jẹ fún Safwan alásè, mò ń yan fanda létí tábìlì, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ìdí mi kó òkè méjì àti odò kan lọ. Safwan pariwo: "Múyì, o ti jókòó lé ogun!" A rẹ́rìn-ín títí. Mo yára tún un mọ. Máàpù wà lára ògiri, mi ò wò ó. Àárò ilé ń sọ mí, ọwọ́ mi ń dá ṣiṣẹ́ lọ. Odò ẹ̀yìn oko wa ní Ìrókò ni mo mọ síbẹ̀, mo sì to òkúta sí ibi tá a máa ń gbà kọjá.

Méjọ̀ Ọláníran, tí ìdánwò kan òun nìkan láàárọ̀ yẹn, wọlé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ètò ogun rẹ̀ pé ibẹ̀ làwọn ọmọ ogun òun yóò gbà. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, olùkọ́ kan ka ìwé rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ó ní wọn máa fẹsẹ̀ la odò tó jìn bíi kànga kọjá!"

Mo gbọ́. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tí mo ṣe, èmi ọmọ aráyé! Mo sáré wọ yàrá yẹn, mo ṣa òkúta náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò ṣòkòtò, mo da yanrìn aláró bo ojú ibẹ̀.

Wọ́n pe Ọláníran. "Níbo lo ti rí ọ̀nà?"

"Níbẹ̀ yẹn, sà." Ó nàka. Kò sí nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fojú wá a títí, ó wá kọjú sí mi. "Múyì, ará ilé mi, ṣé òkúta ò sí níbẹ̀ láàárọ̀ ni?"

Òkúta ń gún mi nítan. Mo ní, "Kò sí o, sà."

Wọ́n ní ọ̀gá tó ń purọ́ ò yẹ lẹ́ni tí yóò kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sógun. Bó ṣe di àgbẹ̀ nìyẹn.

Ní Àlàmísì tó kọjá, mo lọ bá a lóko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo sì na ọrùn. Ó ju àdá sílẹ̀, ó jókòó sórí ebè, ó sunkún bí ọmọdé. "Ogójì ọdún, Múyì! Ogójì ọdún ni mi ò fi gba ojú ara mi gbọ́. Bí mo bá rí ejò lóko, mo máa ń pe ìyàwó mi kó wá bá mi wò ó bóyá ó wà níbẹ̀."

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Kọ ọ́ sílẹ̀ ná. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Lẹ́yìn náà, wá bi mí bóyá mo dárí jì ọ́."

Mo ti kọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹsẹ̀ ta ni kì í yọ̀? Ṣíṣa òkúta yẹn ló ba ayé ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Kápúténì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pa ìlà tó ní Ọláníran purọ́ yẹn rẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé Ọláníran rí ohun tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pa irọ́ náà.