Ìgbéyàwó Tó Kọjú Sí Ọsibítù

Alága àpéjọ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tó wà níwájú, mo kúnlẹ̀ o, bí orúnkún tilẹ̀ ń kọ̀ fún mi. Ọ̀gá wa, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ìgbafẹ́ ìlú, ẹ̀yin àlejò, àti bàbá àwọn ọmọ mi tó ti ń wo aago láti ìgbà tí a ti jókòó, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Òní ni mo fẹ̀yìn tì, tí mo fi tábìlì mi sílẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó nínú ọgbà wa, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń gbàyè. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Rárá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn! Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gun ẹṣin wọ àárín òdòdó, kí lẹ fẹ́ kí n sọ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ tí rárá kọ̀ tí kò jáde lẹ́nu mi.

Ọmọbìnrin aránṣọ kan wọlé, òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà. Wọ́n fẹ́ ṣègbéyàwó lórí koríko tó kọjú sí ọsibítù. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ nìkan ni òfin ò gbà. Àwọn aláìsàn ń sinmi. Ẹ lọ sí ẹ̀bá adágún, ó rẹwà jù."

Ọmọ náà ní, "Mà, bàbá mi wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọsibítù yẹn. Dókítà ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Bí a bá ṣe é níbẹ̀, wọ́n á rí wa." Ni omi bá lé ròrò sí i lójú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n máa ka òfin sí ọmọ bẹ́ẹ̀ létí? Ọ̀nà kan ò wọjà. Mo gbé báàgì mi, mo sọdá lọ bá olórí àwọn nọ́ọ̀sì, mo ní a ó ṣe é láìpariwo. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ìgbéyàwó tí ò ní ariwo? Irú ìdílé wo nìyẹn?" Mo ní, "Ẹ fi ariwo yẹn sílẹ̀ fún mi." Ọ̀gá wa yìí, tó jókòó bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan, ló fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ní, "Bó bá dàrú, ìwọ ni màá nàka sí!"

Ọjọ́ pé. Kò sí gbohùngbohùn, kò sí ìlù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, tí wọ́n ń pè ní Àrá nítorí ohùn ńlá rẹ̀, ló ń darí ètò, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí olè. Aṣọ ìnujú làwọn èèyàn ń fì dípò àtẹ́wọ́. Olùtọ́jú òdòdó wa ti gé ẹ̀ka igi tó dí ojú fèrèsé bàbá, n ò sì rán an o!

Àlùfáà béèrè pé, "Ta ló fa ọmọ yìí fún ọkọ?" Gbogbo wa gbójú sókè. Àwọn nọ́ọ̀sì ti gbé bàbá jókòó sójú fèrèsé. Bàbá nawọ́ síta, wọ́n ké: "Èmi ni o! Èmi ni mo fà á!"

Hà! Ọsibítù ló kọ́kọ́ pariwo! Àwọn aláìsàn tí a ní ká má jí, gbogbo wọn yọrí síta, wọ́n ń ké hèèè. Olórí nọ́ọ̀sì gan-an ń fò sókè. Àrá yíjú sí mi: "Mà, ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?"

Mo ní, "Sán!"

Nígbà tó yá, ara bàbá náà yá, wọ́n kúrò lórí ibùsùn, wọ́n sì gbé ọmọ-ọmọ wọn jó dáadáa kí wọ́n tó dágbére fáyé.

Ẹ̀yin alábàáṣiṣẹ́ mi, bí mo bá fi ẹnu mímú gún ẹnikẹ́ni, ẹ foríjì mí. Ẹ ò jẹ́ kí iṣẹ́ yìí sú mi rí. Ọjọ́ ìnáwó àwọn ọmọ wa, ẹsẹ̀ ara wa la ó fi jó. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá ẹni tí ẹ ó fẹ́, ẹ ó rí i, yóò sì rí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn dójú omijé. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni.