Ọwọ́ Ìbíkẹ́ Nínú Ilẹ̀kùn Irin

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, kí ẹ tó gbé àwo ẹ̀yẹ yẹn lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ka ìwé yìí tán. Èmi Adémúyìwá tí mo kọ́ yín ní àwòrán yíyà ní Japara fún ọdún mẹ́tàlélógún, ìkà ni mí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́, kò ṣeé pa mọ́ mọ́.

Ẹ rántí pàṣán mi. Ẹni tí ilà rẹ̀ bá wọ́, ìka ni mo ń nà. Mo na Hafeez, ọ̀kan nínú yín, títí èékánná rẹ̀ fi ṣí, mo ní ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ ọ. Irọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí, n kò jókòó ya nǹkan kan nílé rí. Ọ̀lẹ tó mú pàṣán dání ni mí.

Ìbíkẹ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ni, ọmọ Makun-Omi, ìyá rẹ̀ ń yan ẹja níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ń gbé ní Japara. Kì í fa ojú ewé kankan ya nínú ìwé àjákọ rẹ̀, bí àwòrán ibẹ̀ tilẹ̀ burú. Ó ń kọ déètì sí gbogbo rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni yóò máa yà lójoojúmọ́ fún oṣù kan gbáko. Á tẹjú mọ́ ọn, á ka ení, èjì, títí dé ọgọ́rùn-ún, á kẹ̀yìn sí i, á wá yà á látinú orí. Lẹ́yìn náà ni yóò yíjú padà wo ibi tó ti ṣì í. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹja ni, sà. Tí màámi bá ti gbé e sórí iná, n kò tún rí i wò mọ́."

Nígbà tí ìjọ wa ń wá ẹni tí yóò ya àwòrán alùfáà tó ń fẹ̀yìn tì, wọ́n wo tèmi, wọ́n wo tirẹ̀, wọ́n mú tirẹ̀. Màmá Abigail, olórí ẹgbẹ́ ìyá, bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ọmọ tí ẹ kọ́ ti kọjá yín. Ẹ kú iṣẹ́ o." Mo rẹ́rìn-ín. N kò sùn.

Lọ́jọ́ kejì mo rán Ìbíkẹ́ lọ gbé páálí wá ní yàrá ìkẹ́rùsí ilé ìwé. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di férémù ilẹ̀kùn irin mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé páálí. Mo ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn. Ó ní, "Sà, ọwọ́ mi." Mo gbọ́. Ká ní mo dúró níbẹ̀, ǹ bá sọ pé ìbínú ni. Mo ṣí i díẹ̀, mo rí ìka rẹ̀ tó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, kó tó fà á yọ mo tún fi gbogbo èjìká tì í. Egungun dún bí igi ìdáná tí wọ́n ṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ta sí mi láyà. Ìka méjì ni dókítà gé.

Mo pariwo pé Fàtáì, mẹ́gádì ilé ìwé, ló ti ilẹ̀kùn láìwò. Fàtáì kúnlẹ̀, ó ní, "Wàláì, tíṣà, ẹ̀yin ni mo rí níbẹ̀." Mo gbá a lẹ́nu níwájú àwọn òbí, eyín rẹ̀ kan já sílẹ̀. Wọ́n lé e padà sí Òrù, ìlú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ burúkú.

Mo gbé ọsàn lọ sí ọsibítù, ojú kò tì mí. Ìyá Ìbíkẹ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọmọ náà kò tíì sọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn fún un. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ mi, ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà.

Lóṣù tó kọjá ni ìwé àjákọ kan tẹ̀ mí lọ́wọ́, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Ìbíkẹ́ fi yà á. Ohun kan náà ló wà lójú ewé gbogbo, pẹ̀lú déètì: ọwọ́ ọkùnrin lórí ilẹ̀kùn irin. Ti àkọ́kọ́ rí wúruwùru bí iṣu tí ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ. Nígbà tí mo fi dé ìdajì, mo ti rí òrùka mi. Nígbà tí mo dé ìparí, àpá àtàǹpàkò mi ti yọ. Ìgbà náà ló yé mi pé kì í ṣe àdúrà ló ń gbà ní ọsibítù. Ó ń ka ení, èjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ mọ àwòrán yà, ẹ ṣe bíi tirẹ̀. Ẹni tó bá ń na ìka yín kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, ẹ sá fún un. Fàtáì, dárí jì mí. Ìbíkẹ́, n kò lẹ́nu tí mo fi lè bẹ̀ ọ́. Láàárọ̀ yìí mo gbé ìwé rẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn, wọ́n bi mí pé ọwọ́ ta nìyí. Mo gbé tèmi lé orí tábìlì.