Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Lọ Wo Bọ́ọ̀lù ní Ṣàgámù

Nígbà tí irùngbọ̀n kankan ò tíì hù lágbọ̀n mi… ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi náà ti ṣe ọmọdé rí… a kì í jókòó sínú ilé wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin fi ìka kan tẹ fóònù, bọ́ọ̀lù dé. Nígbà tiwa, kí èèyàn tó wọ pápá ìṣeré, á ti làágùn ju àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ gbọ́. Láàrin àwọn ọdún náíńtì ni. Akaka Rẹ́mọ ni mo wà, lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe? Ìjọ̀ngbọ̀n ni. Bí wọ́n bá rí ewúrẹ́ tó wọ ṣòkòtò ní Akaka, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó wọ̀ ọ́ fún un.

Epo pupa ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Bọ̀ọ̀dá Délé, gólí abúlé wa, ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Òun ló ń gun ọ̀pẹ fún un, àfi bí bọ́ọ̀lù ṣe gbà á lọ́kàn. Lọ́jọ́ tó sọ pé òun ò gun ọ̀pẹ mọ́, Ìyá Àgbà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ ìkíni rẹ̀ mọ́. Oṣù méjì! Àràárọ̀ ni Délé ń dọ̀bálẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi." Ìyá Àgbà á kọjú sí adìẹ: "Adìẹ, ṣé o jí dáadáa?" Èmi á máa rẹ́rìn-ín… ṣùgbọ́n Délé ò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rù.

Bó ṣe wà nìyẹn tí ikọ̀ wa fi dé àṣekágbá ní Ṣàgámù, àwa àti àwọn ọmọ Ijoku. Délé ti bá wọn lọ láàárọ̀. Ni Ìyá Àgbà bá pè mí.

"Ìwọ aláìgbọràn yìí, mú mi lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó wà nínú bọ́ọ̀lù tí kò sí nínú epo."

Mo ní, "Ìyá Àgbà, èrò á pọ̀ o. Wọ́n á tẹ̀ yín pa."

"Ta ni wọ́n fẹ́ tẹ̀? Lọ pe ọlọ́kadà!"

Mo ronú. Ṣẹ́ ẹ rí i, nígbà yẹn, aṣọ tó dáa jù ni èèyàn ń wọ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Mo bá gbé garawa òfìfo kan, mo fi epo kun gbogbo ara rẹ̀ títí ó fi ń kán tótó.

Àwa mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan. Ọlọ́kadà níwájú, Ìyá Àgbà láàrin, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú garawa. Gbogbo kòtò tá a bá kó sí ni Ìyá ń kígbe mọ́ ọkùnrin náà létí: "Rọra! Ṣé o jí mi gbé ni?"

A dé iwájú pápá. Háà! Èèyàn pọ̀ débi pé bó o bá gbẹ́sẹ̀ sókè, o ò ní rí ibi tó o máa gbé e sí mọ́. Mo bá gbé garawa lérí, mo figbe ta: "Epo rèé o! Epo ń kán o! Ẹ̀yin aláṣọ funfun, ẹ yà!"

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí nǹkan rí. Èrò pín sí méjì. Ọkùnrin kan tó wọ léèsì funfun fò, ó gun ẹ̀yìn ẹlòmíì. Obìnrin kan ń pariwo, "Má fi kàn mí, mo yá aṣọ yìí ni!" Ìyá Àgbà ń rọra tẹ̀lé mi bí ayaba: "Ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín." Bàbá ẹnu géètì nawọ́: "Tíkẹ́ẹ̀tì dà?" Mo gbé garawa sún mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ díẹ̀.

"Kọjá! Mo ní kó o kọjá!"

Ṣé mo ronú ibi tí mò ń lọ? Rárá. Ibi tí èrò bá ti yà ni mò ń gbà, títí a fi já sí ẹ̀yìn gólì. Gólì ta ni? Ti Bọ̀ọ̀dá Délé!

Òdo sí òdo ni, ó sì ku díẹ̀ kó parí. Délé ń fò sókè sódò. Ó mú èyí, ó lé tọ̀hún. Ìyá Àgbà ń wò ó. Mo rí omi lójú rẹ̀, mo ní, "Ṣé epo ló ta sí yín lójú ni?" Ó gbá mi létí.

Lẹ́yìn náà ló gbóhùn sókè: "Délé! Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o!"

Délé yíjú padà. Oṣù méjì! Kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu gólì níbẹ̀, àyà kanlẹ̀, orí kanlẹ̀. "Ẹ káàsán, ìyá mi!"

Bọ́ọ̀lù ń bọ̀. Kò le rárá. Ọmọ ọwọ́ lè fi àtàǹpàkò dá a dúró. Ó ń yí gbírígbírí, ó kọjá létí Délé, ó wọlé.

Gbogbo Akaka ń ké, "Dìde! Dìde!" Ṣé èèyàn ń dìde nígbà tí ìyá rẹ̀ ò tíì dá a lóhùn? Ìyá Àgbà ò sì kánjú. "Pẹ̀lẹ́, Délé. Ṣé ara le? Ṣó o jẹun? Ó dáa, dìde, ọmọ mi."

Fèrè dún. Ó parí.

Kò sí ọlọ́kadà Akaka tó fẹ́ gbé wa padà. "Ẹ fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀yin olùkíni!" Kápútẹ́nì wa ń sunkún: "Délé, ṣé o ò lè kí wọn lóòró ni?" Àwọn ọmọ Ijoku ní tiwọn gbé Ìyá Àgbà sáfẹ́fẹ́, wọ́n ń jó yí i ká: "Ìyá wa! Ẹ tún padà wá o!" Ó ń juwọ́ sí wọn. Ó ní, "Ẹ wo àwọn ọmọ tó níwà!"

Nígbà tá a bọ́ sójú ọ̀nà, Délé ní, "Ìyá mi, ẹ má bínú. A ti pàdánù."

Ìyá Àgbà dúró. "Kí lẹ pàdánù? Gbogbo wọn ń sáré kiri bí ẹni tí oyin ń lé, kò sẹ́ni tó kí mi nínú wọn. Ìwọ nìkan ni wọ́n kọ́ nílé."

Délé rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Akaka.

Ẹ̀yin òde òní ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní "ẹ káàárọ̀" lónìí, fóònù ni gbogbo yín ń wò. Ayé mà ti yí o… Ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ lọ kí ìyá yín nílé ìdáná, kẹ́ ẹ sì dọ̀bálẹ̀ dáadáa. Àmọ́ ẹni tó bá jẹ́ gólí nínú yín… kó kọ́kọ́ wẹ̀yìn ná.