Ọmọ Ẹja Tó Ń Ṣàìsàn Ni Mo Tà fún Àǹtí Bísí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i pé mi ò lè gbé e mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Festac ni mo ti ń sin ẹja àrọ̀, mo sì ń ta ọmọ ẹja fáwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Àǹtí Bísí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní Satellite Town. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń kọ sínú ìwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó wá kó ẹja, mo rí i pé àwọn kan ń yípo lójú kan, nǹkan funfun sì wà lára wọn. Mo mọ̀ pé àìsàn ni. Ṣùgbọ́n ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí pé orúkọ mi á bàjẹ́ tí mo bá sọ fún un. Mo kó wọn fún un.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, gbogbo ẹja ti kú, wọ́n léfòó. Ó ní, "Kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Mo ní, "Àǹtí, omi yín ni. Ẹ ò tètè pààrọ̀ ẹ̀."

Ó gbà. Ó tiẹ̀ bẹ̀ mí pé òun fi àkókò mi ṣòfò. Ó da iyẹ̀pẹ̀ sínú táǹkì méjèèjì tó fẹ́ fi máa sin ẹja, ó gbin ata sí i.

Iṣẹ́ yìí ti wá gbòòrò ní Amuwo báyìí. Àwọn tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀dọ́ tí ò ríṣẹ́, gbogbo wọn ló fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ àwa ọlọ́sìn ẹja ní kí n máa kọ́ wọn, mo sì gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Àǹtí Bísí pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, tó o bá dé ibi ọ̀rọ̀ omi, kọ́ ọ dáadáa. Mi ò fẹ́ kó ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe."

Mo ní kó rán an wá.

Ọjọ́ Ajé ni ọmọ náà ń bọ̀. Bí mo bá sọ òtítọ́ fún ìyá rẹ̀, ẹgbẹ́ lè lé mi, òun náà sì lè má fẹ́ rí mi mọ́. Bí mi ò bá sọ, ojú wo ni mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ rẹ̀ bí a ṣe ń dá ẹja tó ń ṣàìsàn mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.