Omi Tí Kò Ju Orúnkún Lọ

Ní ibùdókọ̀ Lotto, mo gbọ́ tí ìyá àgbà kan ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin fa ọ̀rọ̀ lórí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń mú lọ sí etí òkun.

"Màámi, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Omi ò ju orúnkún lọ. Ọmọ náà kàn fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kó sì ṣa ìkarahun ni."

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn kí omi tó gbé àbúrò mi lọ. Omi tó jìn, gbogbo èèyàn ló ń ṣọ́ ọ. Èyí tí kò jìn ni wọ́n ń kẹ̀yìn sí."

Nígbà tí ọkọ̀ dé, obìnrin náà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Ó dáa, Màámi, ẹ bá wa lọ."

Ìyá àgbà náà di ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó sì kọ́kọ́ wọkọ̀.