Ẹni Tó Gbé Wasiu Dé Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó ti tó gẹ́ẹ́ fún mi. Nígbàkúùgbà tí ọkọ àfẹ́sọ́nà mi bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ńṣe ni mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ ènìyàn. Ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́ ní kí n gbé e mì, pé ọmọ ìyá ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo ti gbé e mì lóòótọ́, àmọ́ kò dà nínú mi.

Ayàwòrán ni Wasiu, ọkọ àfẹ́sọ́nà mi. Ìwé ìtàn aláwòrán tí à ń pè ní kọ́míìkì ló ń yà, ìwé yìí náà ló sì mú wa mọ ara wa, nítorí láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn kọ́míìkì débi pé mo lè gbàgbé oúnjẹ sórí iná. Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Mufu, ẹ̀gbọ́n mi, ni mo ń gbé ní àdúgbò Lasunwon. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn ní Gáréèjì Ìkòròdú. Àwọn ni wọ́n tọ́ mi nígbà tí bàbá wa kú, wọ́n sì fẹ́ràn Wasiu bí àbúrò.

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì yóò pàdé ní gbọ̀ngàn ńlá kan nítòsí gáréèjì, inú wa dùn kọjá bó ṣe yẹ. Wasiu múra bí akọni inú ìwé tirẹ̀, jagunjagun ọ̀sà tó ń gbẹ̀san fún àwọn apẹja. Ó fi ẹfun kun ojú, ó ta ọ̀dà pupa sára, ó gbé àdá tí a fi páálí ṣe dání. Háà, èrò pọ̀ bí eṣú! Àwọn tí n kò rí rí ń pe orúkọ àwọn akọni tí mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Àfi bí èéfín jẹnẹrétọ̀ ṣe wọlé, tí ẹnì kan kígbe pé, "Iná o!" Gbogbo wa ya sí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin kan ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ gbé e. Èjìká ni Wasiu fi tì mí jáde.

Ohun tó wà níta burú ju iná lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn ti pa ènìyàn ládùúgbò, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ìlú. Àwọn ará gáréèjì wá rí àwọn ọ̀dọ́ tó kun ojú, tí ọ̀dà pupa wà lára wọn, tí wọ́n mú àdá lọ́wọ́, tí wọ́n ń sáré bọ̀.

"Àwọn apààyàn yẹn nìyí o! Ẹ mú wọn!"

Àwọn tó kù sá lọ. Wasiu tó ń fà mí lọ́wọ́ ni ọwọ́ tẹ̀. Òkúta, bẹ́líìtì, irin! Ẹ̀jẹ̀ dà bo ojú rẹ̀ títí tí kò fi ríran mọ́. Mo ń pariwo pé páálí ni àdá náà, ta ló gbọ́? Ẹnì kan gbá mi létí, mo ṣubú. Wọ́n ti ń yí táyà bọ̀, òórùn bẹntiróòlù gbòde. Ìgbà náà ni ọkùnrin kan já wọ àárín wọn pẹ̀lú pákó. Wasiu fi ọwọ́ ọ̀tún bo orí. Mo gbọ́ bí ọwọ́ náà ṣe kán. Ọkùnrin náà tún gbé pákó sókè, mo sì rí ojú rẹ̀.

"Bọ̀dá Mufu! Wasiu ni o!"

Pákó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n da ara bo Wasiu, wọ́n ń ké pé, "Àna mi ni! Ẹ pa mí mọ́ ọn!" Àwọn èrò lu ẹ̀gbọ́n mi náà, orí wọn fọ́, kí àwọn ọlọ́kadà ẹgbẹ́ wọn tó dá wọn mọ̀, tí wọ́n sì ti èrò sẹ́yìn. Orí ọ̀kadà wọn ni wọ́n fi gbé wa dé ilé ìwòsàn.

Wasiu kò kú. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́, pẹ́ńsù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé, kí ni ìka Wasiu ṣe? Bọ̀dá Mufu ń gbé ẹja láti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ wá fún un, wọ́n ń fọ aṣọ rẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún èmi àbúrò wọn nínú ilé ìdáná.

"Bò mí láṣìírí. Mo rò pé apààyàn ni."

Mo ní, "Tí kì í bá ṣe Wasiu ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní pa á?"

Wọ́n dìde, wọ́n gbé oúnjẹ Wasiu jáde.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, a lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti mú ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì wa. Wasiu dìde láàárín àwọn ẹbí mi, omi lójú rẹ̀. Ó ní, "Bí kì í bá ṣe Bọ̀dá Mufu, wọn ì bá ti sun mí. Tí Ọlọ́run bá fún wa ní ọmọkùnrin, Mufutau ni yóò máa jẹ́." Gbogbo ilé ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi dorí kodò. Ìyá wa tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Bí mo bá sọ ọ́, mo ti pa ẹ̀gbọ́n tó tọ́ mi. Bí n kò bá sì sọ ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin abiyamọ: báwo ni mo ṣe fẹ́ máa fi orúkọ yẹn pe ọmọ mi, lójú bàbá tí kò ní lè fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e?